Ajá ìṣọ́ mi jáde funfun: ṣé kí n jẹ́ kó bímọ àbí kí n jáwọ́?

Ọmọ Kétu:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alájá. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ ajá tó ń ṣiṣẹ́ bá mi dá sí i.

Kétu ni mo wà. Mo máa ń ra àgbàdo àti ẹ̀pà jọ, mo ní àká ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìlárá, mo sì ń sin àgùntàn díẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Abo ajá kan ló ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́. Berger allemand ni, ajá darandaran àwọn ará Jámánì. Mo fojú ara mi rí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ní Kútọnu: dúdú lẹ́yìn, pupa lẹ́sẹ̀, bí a ṣe mọ irú wọn. Òun nìkan nínú àwọn tí wọ́n jọ bí ló jáde funfun láti orí dé ìrù. Ẹni tó tà á fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tọrẹ ni. Ó ní àbùkù ni, pé kò sẹ́ni tó máa rà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í gbó lásán. Bí èrò ọjà bá ń kọjá, á dùbúlẹ̀, á gbé orí lé ẹsẹ̀ iwájú, etí nìkan lá máa yí kiri. Lóru ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnìkan wá síbi páànù ẹ̀yìn àká, ó ti ń fa ìṣó yọ. Tanímọ̀la ò gbó. Ó yí gba ẹ̀yìn àwọn àgùntàn, ó lọ dúró sí àárín ọkùnrin náà àti ibi tó gbà wọlé, ìgbà yẹn ló tó wá fọhùn. Kí n tó gbé tọ́ọ̀ṣì débẹ̀, ọkùnrin náà ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, kò sì sí ojú ibi tí ajá ti gé e jẹ lára rẹ̀ rárá. Mo ní "ó tó", ajá bá padà wá sẹ́sẹ̀ mi. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ ní ti kó dènà mọ́ olè. Ó bá a wáyé ni.

Wàyí o, ọ̀gbẹ́ni kan ní Ìpóbẹ̀ tó ní akọ irú rẹ̀ ti gbà pé kí akọ òun gùn ún. Àwọn tí a jọ ń ṣòwò ti ń bẹ̀ mí fún ọmọ. Àmọ́ ẹnìkan tó mọ ìwé ajá, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìran ajá àti bí irú rẹ̀ ṣe yẹ kó rí, sọ fún mi pé ajá tí àwọ̀ rẹ̀ lábùkù kò gbọdọ̀ bímọ láéláé, pé ńṣe ni mò ń ba ìran wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé àwọ̀ nìkan tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ sọ irú ajá yìí di àgàn?

Alájá Àjàṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú. Ajá yín dára, mi ò lè purọ́, ṣùgbọ́n ẹni yẹn ò ṣì yín lọ́nà. Òwò mi nìyí ní Àjàṣẹ́. Berger àti malinois, ajá darandaran àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni mò ń tà fún àwọn tó ń ṣọ́ ilé àti ilé ìkẹ́rùsí. Láti 1933 ni àwọn ará Jámánì tó ni irú ajá náà ti yọ funfun kúrò nínú ohun tí òfin wọn gbà. Àwọn tó dá irú ajá sílẹ̀ ló mọ ohun tí wọ́n ń wá. Bí oníkálukú bá ń bí èyí tó wù ú, láìpẹ́ a ò ní mọ berger yàtọ̀ sí ajá ojú pópó mọ́.

Ẹ tún wò ó ní ti iṣẹ́. Ajá funfun lóru, olè á ti rí i kó tó rí olè. Àwọn oníbàárà mi kì í béèrè funfun, dúdú ni wọ́n ń fẹ́, nítorí dúdú máa ń dẹ́rù bani. Bí Tanímọ̀la bá bí ọmọ, tí apá kan nínú wọn bá funfun, ta ni ẹ fẹ́ tà wọ́n fún? Ẹ jẹ́ kó máa bá yín ṣiṣẹ́, kí dókítà ẹran so ilé ọmọ rẹ̀. Ẹ wá ra abo mìíràn tó níwèé.

Ìyá Alájá (Ṣábẹ̀ẹ́):

Ọmọ Kétu, o kú ìtọ́jú ajá o. Alájá Àjàṣẹ́, o kú òwò. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí ó ti ń dùn mí tipẹ́. Mò ń tọ́ ajá, mo sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ fún àwọn olóko kajú àti àwọn tó ń sin ẹran níhìn-ín. Ọmọ ajá tó gbọ́ràn, tó lágbára, tí wọ́n sọ nù nítorí àwọ̀ lásán, mo ti rí wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Òótọ́ ni ti 1933. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa pìtàn, kó pa á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1899 ni Max von Stephanitz, ẹni tó dá irú ajá yìí sílẹ̀, ra akọ ajá kan níbi àfihàn ajá ní Karlsruhe nílẹ̀ Jámánì, ó sọ ọ́ ní Horand von Grafrath, Horand yìí ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ berger allemand tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún náà. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn rí lára ajá náà ló tìtorí rẹ̀ rà á. Bàbá tó bí ìyá Horand ńkọ́? Greif ni wọ́n ń pè é, funfun sì ni Greif. Funfun ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ berger allemand kí ìwé rẹ̀ tó wà. Kò sí ajá ojú pópó tó gbé e wọlé. Ká ní ẹnìkan ti ní kí Greif má bímọ nítorí àwọ̀ rẹ̀, Horand ì bá má sí, ajá tí à ń jà lé lórí yìí ì bá má sí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ajá máa ń gba ìlàjì ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, ìlàjì lọ́wọ́ ìyá. Èyí tó ń fún berger ní funfun máa ń fara pamọ́. Bí ajá bá gbà á lọ́dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo, àwọ̀ rẹ̀ á pé pérépéré, ojú ò ní rí nǹkan kan. Ìgbà tí akọ àti abo tí àwọn méjèèjì gbé e pamọ́ bá pàdé ni ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí yóò ní ààyè ọ̀kan nínú mẹ́rin láti jáde funfun. Nítorí náà, bàbá àti ìyá Tanímọ̀la tó wà ní Kútọnu, àwọn gan-an ló gbé funfun. Wọ́n ń bímọ lọ, wọ́n ń gbowó lórí àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ yẹn náà á gbé e lọ káàkiri. Ọmọ kan ṣoṣo tó tú wọn láṣìírí ni wọ́n ní kó di àgàn. Ẹ sọ fún mi, ìran wo ni ìyẹn tún ṣe?

Wọ́n máa ń sọ pé ajá funfun, àfín ni. Irọ́ ni, ó kéré tán lórí berger. Wo imú rẹ̀, wo ètè rẹ̀, wo ìpéǹpéjú rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá dúdú, tí ẹyinjú rẹ̀ sì dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, irun nìkan ni kò gba àwọ̀, ara rẹ̀ pé. Nílẹ̀ Switzerland, àwọn kan tọ́jú funfun yìí gan-an títí ó fi di irú ajá tó dá dúró. FCI, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣètò irú ajá, gbà á wọlé fún ìdánwò ní 2003, wọ́n sì fọwọ́ sí i pátápátá ní 2011. Berger Blanc Suisse ni wọ́n ń pè é báyìí. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ohun tí ìwé kan pè ní àbùkù ni ìwé kejì pè ní irú.

Ẹ má wá gbọ́ mi gbọ́ òdì o. Mi ò sọ pé gbogbo àwọ̀ ló mọ́. Àwọ̀ kan wà tí àìsàn ń bá rìn, níbẹ̀ ni mo sì le ju àwọn tó ń fi ìwé ajá dájọ́ lọ.

Ẹ mú Doberman funfun, Doberman tó jẹ́ irú ajá ìṣọ́ kan. Wọ́n bí ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ní 1976, àwọn ènìyàn rí i pé kò wọ́pọ̀, wọ́n bá ń fi ìbátan gun ìbátan kí irú rẹ̀ lè pọ̀. Èyí gan-an sún mọ́ àfín: imú pupa, ojú aláwọ̀ omi tí kò lè kojú oòrùn, kókó sì máa ń yọ sí wọn lára ju àwọn ọmọ ìyá wọn tó láwọ̀ lọ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́ yìí, ìyà ni. Mi ò ní jẹ́ kó bímọ, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Ẹ mú àwọn tí àwọn Faransé ń pè ní merle, àwọ̀ eérú tí dúdú ya sí káàkiri ara, tó wà lára collie àti àwọn ajá darandaran mìíràn. Ajá tó gbà á lọ́dọ̀ òbí kan, kò sí wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí merle bá gun merle, ọ̀kan nínú mẹ́rin á gbà á lọ́nà méjì, irú èyí sì máa ń jẹ́ adití tàbí afọ́jú, nígbà mìíràn méjèèjì, ẹyinjú rẹ̀ á rún kékeré sínú agbárí. Mo gbé irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ó ń fi imú wá ọmú ìyá rẹ̀, èyí ò burú, gbogbo ọmọ ajá ló ń ṣe é. Àmọ́ nígbà tí ojú àwọn yòókù là, tí wọ́n ń yíjú sí ohùn mi, òun ṣì ń fi imú wá nǹkan kiri, ó ń forí sọ ògiri. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tí kò létí kò ṣé dẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi merle gun merle, mi ò lè bá a jókòó.

Àwọ̀ búlúù, ìyẹn dúdú tó ṣá dà bí eérú, tí àwọn ọ̀dọ́ ń lé kiri báyìí náà ńkọ́, irun rẹ̀ máa ń já lára ọ̀pọ̀ wọn, awọ ara á ṣí sílẹ̀ fún egbò.

Èyí tó wá ń yà mí lẹ́nu jù ni Dalmatian, ajá funfun tí dúdú tò sí lára tóótòòtó. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ni etí rẹ̀ kan tàbí méjèèjì kì í gbọ́. Ìwé irú ajá náà sì sọ pé èyí tó bá ti inú ìyá rẹ̀ gbé àmì dúdú ńlá kan jáde, àbùkù ni, kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn tó yẹ etí wọn wò wá rí i pé àwọn alámì ńlá yẹn gan-an ni adití kéré sí láàárín wọn. Ìwé ń lé èyí tó ń gbọ́ràn jáde, ó ń fi èyí tó lè di adití sílẹ̀ nítorí pé tóótòòtó rẹ̀ dùn ún wò! Bí mo bá rántí rẹ̀, inú mi kì í dùn.

Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi: ẹ má bi mí pé àwọ̀ wo ló dára. Ẹ bi mí pé kí ni àwọ̀ náà gbé lọ́wọ́. Bí kò bá gbé nǹkan kan, iṣẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó ń ba ìran ajá jẹ́ ni kí ènìyàn fi àwọ̀ ṣe òdiwọ̀n, yálà ó ń lé e jáde ni tàbí ó ń wá a kiri nítorí owó. Ẹni tó pa gbogbo funfun tì àti ẹni tó kó gbogbo funfun jọ, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ti gbàgbé orí ajá, wọ́n gbàgbé etí rẹ̀, wọ́n gbàgbé ìbàdí rẹ̀.

Ní ti òru tí Àjàṣẹ́ sọ, ó ní òótọ́ tirẹ̀. Ará Róòmù kan, Columella, ti kọ ọ́ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn pé ajá tó ń ṣọ́ ilé oko, dúdú ni kó jẹ́, kí ẹ̀rù lè ba olè. Pé ajá tó ń bá àgùntàn rìn, funfun ni kó jẹ́, kí darandaran má bàa lù ú nínú òkùnkùn ìdájí, kó rò pé ìkookò ni. Tanímọ̀la ń ṣọ́ àká, ó tún ń ṣọ́ àgùntàn. Kí ẹni tó bá fẹ́ dúdú mú dúdú. Ìyẹn kò sọ funfun di aláìsàn.

Ọmọ Kétu, dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú sí i. Báwo ni imú rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ṣe rí? Ṣé etí méjèèjì ló fi ń gbọ́? Báwo ló ṣe ń dìde nílẹ̀ láàárọ̀? Akọ Ìpóbẹ̀ yẹn, ta ló bí i?

Ọdẹ Ìlárá:

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yín dé ilé wa.

Àwa kò ní ìwé ajá kankan. Ajá ìbílẹ̀ ni à ń lò, pupa, dúdú, abilà, èyí tó ní ẹsẹ̀ funfun, gbogbo wọn ń bí ara wọn. Èyí tó bá lé ọ̀yà títí dé ihò tí kò padà, òun ni à ń wá ọmọ rẹ̀. Èyí tó bá rí ẹtu tó ń gbó lókèèrè bí ẹni kí àlejò, ẹ jẹ́ kó wà nílé.

Lórí funfun, mo fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan tí ìwé ò sọ. Nínú igbó, nígbà tí koríko bá ga, ajá pupa àti ẹtu, àwọ̀ kan náà ni wọ́n. A máa ń so ṣaworo mọ́ ajá lọ́rùn nítorí èyí, ṣùgbọ́n ṣaworo lè já. Àwọn ọdẹ ti yìnbọn lu ajá tiwọn. Èyí tó bá ní ìrù funfun tàbí ọrùn funfun, wàá rí i tó ń mì nínú ewé, ọwọ́ rẹ á kúrò lórí ìbọn. Ajá tí mo fẹ́ràn jù báyìí, funfun ni ìlàjì ojú rẹ̀.

Àmọ́ ìyá wa, mo gbà pẹ̀lú yín lórí etí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, gbogbo orí rẹ̀ funfun, imú pupa, ojú kan dà bí ojú ọ̀run. Ó rẹwà, gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó tó àkókò, mo fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú. Àwọn yòókù sáré dé, òun ń fi imú túlẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Eléyìí ò lè gbọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi nínú agbo ilé, ó ń jẹ, ó ń sùn, a ò jẹ́ kó bímọ. Kì í ṣe nítorí funfun o. Nítorí etí ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kálàfí:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ́ nípa ìlera ẹran ní Yunifásítì Abomey-Calavi, mo kàn fẹ́ fi díẹ̀ kún ti ìyá wa.

Irú funfun tí Ọdẹ Ìlárá sọ àti ti Tanímọ̀la yàtọ̀ síra. Ti berger, ajá náà ní àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké tó ń ṣe àwọ̀, wọn ò kàn rán dúdú lọ sínú irun ni. Ti ọmọ ajá Ìlárá, àwọn ẹ̀yà yẹn gan-an ni kò dé orí rẹ̀ nígbà tó wà nínú ìyá rẹ̀. Inú etí sì nílò wọn kí ó tó lè gbọ́ràn. Bí wọn ò bá débẹ̀, etí á kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ìdí nìyẹn tí imú pupa àti ojú búlúù lórí funfun fi yẹ kó fu ènìyàn lára.

Ẹ fi sọ́kàn pé ajá tí etí kan ṣoṣo kú lè tàn yín. Á dáhùn bí ẹ bá pè é, àmọ́ á kọ́kọ́ máa yí orí kiri wá ibi tí ohùn ti wá. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá sùn, ẹ má fẹsẹ̀ kilẹ̀, ẹ mi kọ́kọ́rọ́ lápá ọ̀tún, kó tún pẹ́ díẹ̀, ẹ mi ín lápá òsì. Ẹ wo etí, ẹ wo ibi tó kọ́kọ́ wò.

Ọmọ Kétu:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá wa, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Imú rẹ̀ dúdú bí èédú, ètè rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ojú rẹ̀ pupa bí oyin. Mo mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó sùn lábẹ́ igi mọ́ńgòrò, apá ibi tí mo bá ti mi ín gan-an ló ń yí etí sí, kó tó lajú.

Láàárọ̀ ó máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kò ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ya fọ́tò egungun rẹ̀. Ti akọ Ìpóbẹ̀, olówó rẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin ajá ní Kútọnu lòun náà ti rà á. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni kan náà tó ta Tanímọ̀la fún mi ni.

Alájá Àjàṣẹ́:

Ìyá wa, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Ti Greif yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ní ti ìwé, mi ò tíì yí padà: bí ẹ̀gbọ́n bá ta ọmọ wọ̀nyẹn bíi berger allemand, ẹni tó rà á máa bí i lọ, lọ́jọ́ kan funfun á yọ, á sì sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Àwa tí à ń ta ajá ni wọ́n máa kó èébú bá. Kí lẹ máa sọ sí ìyẹn?

Ìyá Alájá (Ṣábẹ̀ẹ́):

Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, mo sì gbà á. Oògùn rẹ̀ ni òtítọ́. Ọmọ Kétu, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ, kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tó ń mú un pé funfun ni ìyá rẹ̀, pé ó gbé funfun, kí ó má fi ìbátan gùn ún, kí ó má tà á bí ajá oníwèé. Ẹni tí ìyẹn bá bí nínú, kó wá ajá lọ síbòmíràn. Àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ ń fẹ́ ajá tó máa ṣọ́ àká, wọn ò bi ọ́ léèrè ìwé.

Gbogbo ọmọ tí Tanímọ̀la bá bí ni yóò gba funfun kan lọ́dọ̀ rẹ̀, kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Bí akọ kò bá gbé e rárá, kò sí ọ̀kan tó máa jáde funfun nínú wọn. Bí akọ bá gbé e pamọ́, nǹkan bí ìlàjì wọn lè funfun. Méjèèjì kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọ̀rọ̀ Kútọnu yẹn. Bí akọ náà bá ti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà wá, wọ́n lè jẹ́ ọmọ bàbá kan. Má jẹ́ kó gùn ún kí o tó mọ̀. Wá olówó rẹ̀ lọ, kí ẹ jọ béèrè orúkọ ìyá àti bàbá, kí ẹ rí ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá jẹ́ ìbátan, sọ̀rọ̀ síhìn-ín. Akọ kan wà ní oko kajú kan lọ́dọ̀ wa tó ń bá ẹran rìn, mo mọ ìran rẹ̀, abilà díẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí àwọn oníwèé kò ní fẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ kí ewúrẹ́ kan sọnù.

Fọ́tò ìbàdí, má fi falẹ̀. Berger jogún àìlera oríkèé ìbàdí ju irú ajá púpọ̀ lọ, ó sì lè máa dìde dáadáa láàárọ̀ nígbà tó ṣì wà léwe kí egungun ti bàjẹ́ nínú. Bí dókítà ẹran bá ní ìbàdí rẹ̀ ò dára, kí ó má bímọ, ì báà dúdú bí ìkòkò. Bí ó bá dára, tó sì ti pé ọdún méjì, jẹ́ kó bímọ. Ọdún mélòó ni báyìí?

Ọmọ Kétu:

Ó ti lé ní méjì díẹ̀, ìyá wa. Mo ti bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀, Kútọnu ni wọ́n ti lè ya fọ́tò náà, mo máa gbé e lọ bí ọjà bá ti tú. Màá wá orúkọ bàbá akọ Ìpóbẹ̀ lọ́nà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ti oko kajú yẹn mú.